Bí a ṣe ń gé ẹ̀ka gbígbẹ kúrò lára igi ìbòòji tó ti darúgbó

Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ó máa gbọ́ ìró àdá káàkiri Abẹ́òkúta. Onílé ti rí ẹ̀ka gbígbẹ kan tó dúró gẹ̀rẹ̀ sórí páànù òun, ó ti pe ọmọkùnrin kan tó lè gun igi. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀ka ti balẹ̀, wọ́n ti sanwó, kálukú ti bá tirẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ibi tí wọ́n gé ti di ihò, ikán ti kọ́lé sínú rẹ̀, àwọn ẹ̀ka tó wà láàyè lọ́jọ́ náà sì ti ń gbẹ tẹ̀ lé ara wọn.

Mo mọ̀ ọ́n nítorí èmi náà ti ṣe é rí. Màngòrò ńlá kan wà lẹ́yìn ilé wa, níbi tí àpáta ti yọrí síta. Ẹ̀ka mẹ́ta ló gbẹ lára rẹ̀ lọ́dún kan. Mo gé méjì, mo gé wọn mọ́ ara igi pẹ́kípẹ́kí kí ojú rẹ̀ lè dán, mo wá fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dúdú kun ún. Àbúrò mi ló gé ẹ̀kẹta. Ẹ̀rù àkàbà ń bà á, kò lè sún mọ́ ara igi dáadáa, ó fi nǹkan bí ìbú ìka méjì sílẹ̀. Mo bá a wí gan-an pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Lónìí, méjèèjì tí mo gé ti jẹrà wọnú igi. Tirẹ̀ nìkan ló pa ojú dé.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Ayùn ọwọ́ tó mú. Èyí tó tẹ̀ bí dòjé ló dára jù, torí ó máa ń wọ àárín ẹ̀ka láìfara gbún èyí tí a ò fẹ́ gé. Ẹ fi àdá sílẹ̀ nílé. Bó ti wù kí àdá mú tó, yíya ló máa ń ya èèpo.
- Àkàbà tó dúró ṣinṣin, pẹ̀lú okùn méjì: ọ̀kan láti so àkàbà mọ́ igi, ọ̀kan láti fi sọ ẹ̀ka kalẹ̀.
- Ọ̀bẹ kékeré àti ṣọ́ọ̀kì.
- Omi bílíìṣì láti fi nu ayùn: ìwọ̀n kan bílíìṣì (Hypo tàbí irú rẹ̀) sí ìwọ̀n mẹ́sàn-án omi. Ẹ ní òróró díẹ̀ nítòsí pẹ̀lú, torí bílíìṣì máa ń jẹ́ kí ayùn dípatà.
- Akoto ọlọ́kadà, awò tó ń dáàbò bo ojú, ìbọ̀wọ́, bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, ẹ̀wù alápá gígùn. Tó bá jẹ́ màngòrò ni, ẹ̀wù alápá gígùn yẹn kì í ṣe àṣejù: oje rẹ̀ máa ń jó ara.
- Ènìyàn kejì. Bí kò bá sí ẹnì kejì, ẹ sún iṣẹ́ náà síwájú.

Ẹnì kan bi mí bóyá òun lè fi igbà adẹ́mu gun màngòrò. Ọ̀pẹ kò lẹ́ka, ìyẹn ni igbà ṣe lè máa yọ́ lọ sókè lára rẹ̀. Lórí màngòrò, ẹ̀ka àkọ́kọ́ ló máa dá yín dúró, ẹ ó sì ní láti tú igbà lókè kí ẹ tó lè kọjá. Ibẹ̀ ni jàǹbá wà.

Ìpele 1: Ẹ mọ èyí tó kú yàtọ̀ sí èyí tó ń sùn

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà kí wọ́n tó fọwọ́ kan ayùn rárá. Igi panṣẹ́kẹ́, tó ń bá ìkóríta wa jẹ́ orúkọ kan náà, máa ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Fúrúùtù máa ń pọ́n lẹ́wé, á sì wọ́ ọ dànù. Odán náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ẹni tó bá gbójú sókè wò wọ́n nínú ọyẹ́ máa rò pé ìdajì igi ti kú, á sì gé ohun tí ìbá rúwé lóṣù méjì sí i.

Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń ṣàmì nígbà òjò, mo sì máa ń gé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, nígbà tí gbogbo igi kún fún ewé, ẹ̀ka tó bá wà láìléwé láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ara rẹ̀ hàn. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ọwọ́ mi tó, mo ya àwòrán ìyókù sórí fóònù. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, èèpo ti gbẹ, ẹsẹ̀ kì í yọ̀ lórí rẹ̀, ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò kò sì tíì dé.

Kí ẹ tó gba àmì kankan gbọ́, ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ họ èèpo rẹ̀ díẹ̀ níbi mẹ́ta: ṣóńṣó, àárín, àti ẹ̀gbẹ́ ara igi. Bí abẹ́ èèpo bá tutù, tó ní àwọ̀ ewé, ó wà láàyè. Bó bá gbẹ, tó rí bíi tábà, ó ti kú. Ó lè jẹ́ pé ṣóńṣó ti kú, ìdí sì wà láàyè. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má gé gbogbo ẹ̀ka: ẹ padà sẹ́yìn dé ibi tí ẹ̀ka kékeré kan tó ń rúwé ti yà, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti gé e.

Nǹkan méjì ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún. Bí ewé màngòrò bá gbẹ láti ṣóńṣó wá, tó pọ́n bíi tábà, tí kò sì já bọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àrùn olú kan tí wọ́n ń pè ní Lasiodiplodia theobromae. Bí ẹ bá gé irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀, ẹ wo ojú ibi tí ẹ gé. Bí ilà dúdú tàbí àwọ̀ tábà bá ṣì wà nínú igi, àrùn ti kọjá ibẹ̀. Ẹ tún padà sẹ́yìn títí igi á fi mọ́. Ẹ nu ayùn pẹ̀lú omi bílíìṣì kí ẹ tó kọjá sí ẹ̀ka míì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀yin gan-an lẹ ó máa pín àrùn náà kiri.

Èkejì ni àfòmọ́. Àfòmọ́ ò légbò, gbogbo igi ní í bá tan, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́, àmọ́ ó máa ń ki ẹnu bọ inú ẹ̀ka tó bá gùn, á sì máa fa omi rẹ̀ mu. Bí ẹ bá já ewé àfòmọ́ nìkan, yóò tún hù. Ẹ̀ka tí àfòmọ́ gùn ni kẹ́ ẹ gé, ó kéré tán 30 sẹ̀ǹtímítà sí ìsàlẹ̀ ibi tó dì mọ́. (Ẹ má jù ú nù: ẹlẹ́wé ọmọ á rà á lọ́wọ́ yín.)

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* gbogbo ẹ̀ka tó ní àmì ti kọjá ìdánwò ibi mẹ́ta. Èyí tí ẹ bá ń ṣiyèméjì lé lórí, ẹ fi í sílẹ̀ di òjò tó ń bọ̀.

Ìpele 2: Ẹ wo ìdí igi kí ẹ tó gbé àkàbà

Igi tí ẹ fẹ́ gùn lè jẹ́ òun gan-an ló fẹ́ wó. Ẹ rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Bí olú líle tó dà bíi pákó bá hù ní ìdí rẹ̀, gbòǹgbò ti ń jẹrà. Bí igi bá dagun, tí ilẹ̀ sì sán ní òdìkejì ibi tó dagun sí, ó ti ń fà tu. Ẹ fi ẹ̀yìn òòlù lu ara rẹ̀ láti ìdí dé ibi tí ọwọ́ yín tó: ibi tó bá ń dún bí ìlù ti ṣófo. Igi tó ṣófo díẹ̀ lè pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n ẹ má fi àkàbà tì í. Nílùú tiwa yìí, tí àpáta wà lábẹ́ erùpẹ̀ tín-ín-rín, gbòǹgbò kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn jìn sísàlẹ̀, fífẹ̀ ló máa ń fẹ̀. Nítorí náà, ẹ fọwọ́ pàtàkì mú igi tí wọ́n gé gbòǹgbò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ògiri. Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú àwọn àmì wọ̀nyí, ẹ dá iṣẹ́ dúró, ẹ wá ẹni tó mọ̀ nípa igi. Àwọn onímọ̀ igbó wà ní FUNAAB, yunifásítì ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Àlàbàtà, ẹ lè béèrè lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ tún wo ihò inú igi bóyá oyin wà níbẹ̀, ẹ wo abẹ́ ẹ̀ka fún agbọ́n, ẹ wo ewé tí èèrà pupa rán pọ̀ lórí màngòrò. Èèrà yẹn kì í pa èèyàn, àmọ́ ẹni tó bá wà lórí àkàbà tó wá ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá èèrà kúrò lára ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilẹ̀.

Wáyà iná ńkọ́? Bí ẹ̀ka náà, tàbí ibi tó lè já sí, bá sún mọ́ wáyà tó mítà mẹ́ta, iṣẹ́ yín kọ́ nìyẹn. Ẹ pe iléeṣẹ́ iná kí wọ́n wá pa á. "Kò síná látàná" kì í ṣe ìdánilójú, torí iná lè dé nígbà tí ayùn wà láàárín igi, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò náà sì lè ran wáyà.

Bí igi bá wà lójú títì, ìjọba ìbílẹ̀ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn. Bí aṣọ funfun bá wà ní ìdí rẹ̀, ẹ lọ bá àwọn àgbà àdúgbò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ti rí gbogbo ìdí igi pẹ̀lú ojú yín, kò sí wáyà, kò sí oyin, onílé àti aládùúgbò ti gbọ́.

Ìpele 3: Ẹ ṣètò ibi tó máa ṣubú sí

Ẹ wọn ilẹ̀ ní ìlọ́po méjì gígùn ẹ̀ka, kí ẹ kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kúrò: mọ́tò, ewúrẹ́, aṣọ tí wọ́n sá, àwọn ọmọdé. Ẹnì kejì ló máa dúró lẹ́yìn ààlà yẹn láti dá èèyàn dúró. Bí ó bá fẹ́ wá di àkàbà mú, yóò fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Okùn ni kẹ́ ẹ fi so àkàbà.

Ara igi tàbí ẹ̀ka ńlá tó wà láàyè ni àkàbà máa fara tì. Ó dà bíi pé kò yẹ ká máa sọ èyí, síbẹ̀ mo ti rí ẹni tó fi àkàbà ti ẹ̀ka tó ń gé lọ́wọ́. Bí ibi tí àkàbà bá kàn bá ga ní mítà mẹ́rin, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí ìdí igi ní mítà kan. Lórí àpáta, ẹsẹ̀ àkàbà máa ń yọ̀ lójijì. Ẹ kó iyanrìn sínú àpò méjì, kí ẹ gbé wọn dí ẹsẹ̀ àkàbà níwájú, kí ẹ sì tún fi okùn so ìsàlẹ̀ àkàbà mọ́ ìdí igi.

Òfin tèmi: ẹ̀ka tó bá ju ọrùn ọwọ́ lọ, tó sì ga ju orí mi lọ nígbà tí mo dúró lórí àkàbà, mi ò kì í gé e. Ti agégi nìyẹn.

Ìpele 4: Gígé

Ẹ na apá yín sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ wo èjìká. Níbi tí ẹ̀ka ti jáde lára igi, èjìká wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ibi tó wú díẹ̀ yí ìdí ẹ̀ka ká. Lókè rẹ̀, ẹ ó rí ilà èèpo tó ká jọ bí awọ ọrùn arúgbó. Èjìká yìí kì í ṣe ti ẹ̀ka, ti ara igi ni. Inú rẹ̀ ni igi ti ń mú ohun tó máa fi pa ojú ọgbẹ́ dé. Ohun tí mo gé dànù lára màngòrò wa nìyẹn nígbà tí mò ń wá ojú tó dán.

Alex Shigo, ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìjọba wọn tó ń rí sí igbó, la ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọgbẹ́. Ó rí i pé igi kì í ṣàtúnṣe ẹran ara tó bàjẹ́ bíi tiwa; ṣe ló máa ń mọ ògiri yí ìbàjẹ́ ká kó má bàa tàn. Bí ẹ bá gé èjìká, ẹ ti wó ògiri.

Ẹ̀ka tó ti kú pẹ́ tún ní tirẹ̀. Ìdí tó wà láàyè máa ń dàgbà jáde sórí òkú ẹ̀ka bí apá ẹ̀wù. Apá ẹ̀wù yẹn lè gùn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́. Ẹ má gé e. Ibi tó parí sí ni kí ayùn ti bẹ̀rẹ̀, bó tiẹ̀ jìnnà sí ara igi.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí èjìká, ẹ gé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta:

1. Láti ìsàlẹ̀. Ẹ jìnnà sí èjìká ní nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà, ẹ fi ayùn gé abẹ́ ẹ̀ka sókè dé bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Èyí ló ń dí i lọ́wọ́ kí ẹ̀ka má fa èèpo ya bọ̀ wá sí ara igi.
2. Láti òkè. Ẹ kọjá ibi àkọ́kọ́ síta ní bí sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ẹ gé e wá sísàlẹ̀ títí ẹ̀ka fi máa já. Bó bá jẹ́ orí páànù ló wà, ẹ ti gbọ́dọ̀ fi okùn so ó, kí okùn gba orí ẹ̀ka tó lágbára, kí ẹnì kejì máa tú u kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀yìn ààlà.
3. Àgékù tó ṣẹ́ kù. Ẹ fi ọwọ́ kan di í mú bó bá kéré, kí ẹ gé e ní ìta èjìká gẹ́lẹ́, kí ayùn má kan èjìká.

Igi tútù máa ń ké kó tó já. Òkú igi kì í kìlọ̀: ó lè dá pàú ní ìdá kan ṣoṣo. Nítorí náà, ẹ má dúró sábẹ́ rẹ̀, ẹ má sì fi ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ lé ẹ̀ka gbígbẹ míì láti fi dúró.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ jù níbí. Àkọ́kọ́ ni tèmi: gígé mọ́ ara igi. Èkejì ni kí èèyàn fi àgékù tó gùn tó apá sílẹ̀. Bí àgékù ejò ni àgékù ẹ̀ka rí, ewu ṣì wà nínú rẹ̀: ojú igi kò lè bò ó, yóò sì máa jẹrà, ikán á gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ fi ẹ̀ka alààyè sílẹ̀. Ewé ni igi fi ń jẹun, arúgbó igi kò sì ní oúnjẹ tó pọ̀ ní ìpamọ́. Bó bá di dandan pé kí ẹ gé èyí tó wà láàyè torí pé ó ń fara gbún òrùlé, kí ó má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ewé rẹ̀ lọ lọ́dún kan.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ wo ojú ibi tí ẹ gé. Bó bá rí roboto bí ìdí ife, ẹ ti gé e dáadáa. Bó bá gùn bí ẹyin, ẹ ti wọ inú èjìká. Kò gbọ́dọ̀ sí èèpo kankan tó ya sísàlẹ̀.

Ìpele 5: Bí ẹ bá máa pe agégi

Ọ̀pọ̀ agégi máa ń dín owó kù torí pé àwọn ló máa kó igi lọ tà. Ẹ rò ó wò: ẹni tí èrè rẹ̀ wà nínú igi, kí ló fẹ́ kó gé? Ẹ̀ka gbígbẹ tó fúyẹ́ ni, àbí èyí tó nípọn, tó tutù? Ẹ sanwó iṣẹ́ lọ́tọ̀, kí ẹ jẹ́ kó yé e pé igi yín ni. Ẹ fi àmì ṣọ́ọ̀kì àti àwòrán orí fóònù hàn án, kí ẹ sọ fún un pé èyí tí kò lámì, kó má fọwọ́ kàn án. Ẹ dúró níbẹ̀ títí á fi parí.

Bó bá ní "Ẹ jẹ́ ká kúkú fá a lórí, á tún hù," ẹ kọ̀. Ọ̀dọ́ dóńgóyárò lè la irú ìyẹn kọjá. Arúgbó màngòrò tàbí panṣẹ́kẹ́ tí wọ́n fá lórí sábà máa ń hu àwọn ọ̀mùnú tín-ín-rín tí kò di ara igi mú, ìjì ọdún díẹ̀ sí i á sì wó wọn lulẹ̀.

Ìpele 6: Lẹ́yìn tí ayùn ti dákẹ́

Ẹ má fi ohunkóhun kun ojú ọgbẹ́. Kì í ṣe ọ́ìlì, kì í ṣe kọ́ọ̀tà, kì í ṣe ọ̀dà. Wọ́n máa ń há omi mọ́ inú, ìyẹn sì ni ohun tó ń mú igi jẹrà ń fẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ fún atẹ́gùn.

Gbogbo agbára yín, ìdí igi ni kẹ́ ẹ lò ó fún, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àìsàn rẹ̀ ti wá. Bí wọ́n bá ti fi kọnkéré bo ìdí rẹ̀, ẹ fọ́ ọ kúrò, ó kéré tán mítà kan yípo, ṣùgbọ́n ẹ má fi dígà gún gbòǹgbò. Bí ẹ bá ń sun ilẹ̀ gbígbá níbẹ̀, ẹ wá ibòmíràn. Ẹ tẹ́ ewé gbígbẹ sílẹ̀ lábẹ́ igi kó ga ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́wàá, kó má kan ara igi. Ẹ fi àyè bí àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀.

Omi: gbòǹgbò tó ń mumi jù wà lápá ibi tí etí ìbòòji rẹ̀ dé, kò sí ní ẹ̀gbẹ́ ara igi. Mo máa ń lu ihò abẹ́rẹ́ méjì sí ìdí kẹ́ẹ̀gì lítà 25, mo gbé mẹ́rin yí igi ká ní etí ìbòòji, kí omi máa kán díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lóṣù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti tó. Ẹ má tíì fún un ní ajílẹ̀ òyìnbó lọ́dún tí ẹ gé e.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* nígbà òjò tó tẹ̀ lé e, ẹ fi ọwọ́ pa etí ojú ọgbẹ́. Ẹ ó bá ohun kan tó yọ bí ètè yí i ká, tó tutù, tó sì ń yọ́ bọ̀ wá sí àárín. Bó bá yí i ká tán láìfi apá kan sílẹ̀, ẹ gé e re. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjì nìkan ló ti yọ, tí òkè àti ìsàlẹ̀ wà gbẹrẹfu, ẹ ti sún mọ́ ara igi jù. Kò sí ohun tí ẹ tún lè ṣe síbẹ̀, ẹ kàn máa ṣọ́ ikán.

Ètè ti àbúrò mi gba ọdún mẹ́rin kó tó pàdé láàárín. Ìgbàkígbà tó bá wá kí wa nílé, ó máa ń kọ́kọ́ gba ẹ̀yìnkùlé lọ fọwọ́ kàn án, kó tó wọlé wá kí mi.